Ayò Tí Nurat Ń Bá Ara Rẹ̀ Ta

Ọdún méje ni Nurat ọmọ Sàlíhù fi bá ara rẹ̀ ta ayò, kò sì sí ẹni tó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀ àfi ìgbà tí ẹnìkan fẹ́ fẹ́ ẹ. Bí ayé wa ṣe rí nìyẹn. Obìnrin lè dá jẹun, kó dá sùn, kó dá sunkún, ẹnikẹ́ni ò ní yọjú sí i. Ọjọ́ tí ọkọ bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán ni àwọn ará ilé ọkọ yóò wá máa yọjú lójú fèrèsé.

Okùn àti tapólì ló ń tà ní Ore, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ti máa ń tún ẹrù wọn dì kí wọ́n tó forí lé Èkó tàbí Benin. Bàbá rẹ̀, Alàájì Sàlíhù, wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọgbọ̀n ọdún kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Òun ló ṣí ìsọ̀ náà fún un. Ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń gbé nínú ilé tó wà lẹ́yìn ìsọ̀.

Lúdò ni nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀. Fàwáz ló kọ́ ọ, ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fọkanáísà ní gáréèjì, tó sì jẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Nígbà tí Fàwáz gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Libya, wọn ò pa lúdò náà tì. Yóò pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀, Nurat yóò ju dáìsì fún un, yóò sọ ohun tó jáde, òun náà yóò sọ èyí tó fẹ́ kó bá òun sún síwájú nínú àwọn ọmọ lúdò. Pupa ni ti Nurat, àwọ̀ ewé ni ti Fàwáz. Nígbà tó ṣe, ìpè di oṣooṣù. Nígbà tó tún ṣe, kò pè mọ́. Odindi ọdún méjì ni Nurat fi ń ju dáìsì fún àwọ̀ ewé láìgbọ́ ohùn ẹni tó ni ín, tó ń sún àwọn ọmọ rẹ̀ bó ṣe mọ̀ pé Fàwáz ì bá sún wọn. Kò rẹ́ ẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà náà ni ẹnìkan dé láti Ítálì, tó sọ fún wọn pé Fàwáz ti gbéyàwó síbẹ̀, ó sì ti bímọ.

"Ó dáa," ni Nurat wí.

Gbogbo èèyàn ń retí pé yóò sunkún. Kò sunkún. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́, kò sì dùn. Ó dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú: ẹsẹ̀ ẹni náà ni, èèyàn ń wò ó, èèyàn fọwọ́ kàn án, kò mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló parí lúdò tó wà nílẹ̀. Àwọ̀ ewé ló borí. Ó ká páálí náà, ó kó o fún aládùúgbò, kò sì béèrè rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ó ra dráfù, irú èyí tí àwọn awakọ̀ ń fi ìdérí kóòkì ta. Kò bá a lára mu. Dráfù ń fẹ́ kí èèyàn dẹ pàkúté fún ẹnìkejì. Ta ló wá fẹ́ dẹ pàkúté fún ara rẹ̀, kó tún lọ sí ìhà kejì lọ kó sínú rẹ̀, kó máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀? Irọ́ gbáà ni, irọ́ sì ti sú Nurat. Lúdò ní tiẹ̀, dáìsì ló ń ta á, èèyàn kàn ń bá a ka ìṣírò ni.

Ayò ló wá bá a mu. Ọpọ́n àtijọ́ kan wà lábẹ́ ibùsùn bàbá rẹ̀, èyí tí bàbá náà máa ń gbé sínú ọkọ̀ nígbà tó ń rin ìrìnàjò. Ayò kì í fi nǹkan pamọ́. Ilé méjìlá, ọmọ méjìdínláàádọ́ta, gbogbo rẹ̀ wà níta gbangba. Ẹni tó bá lè kà á ni yóò rí i. Àpótí ìjókòó méjì ni Nurat gbé síbẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bó bá ti ta ti ẹ̀gbẹ́ kan, yóò dìde, yóò yí ọpọ́n ká, yóò jókòó sórí àpótí kejì. Ohun tó sì ń yà á lẹ́nu ni pé bó bá ti jókòó síbẹ̀, ọpọ́n náà á di tuntun lójú rẹ̀. Ilé tó rò pé ó lágbára láti ọ̀hún á wá rí bí èyí tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ṣe òfin fún ara rẹ̀: èyí tí ọwọ́ bá ti kàn, kò sí pé à ń dá a padà, ẹ̀gbẹ́ tó bá borí ni yóò kọ́kọ́ ta lọ́jọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ sì ni yóò sọ jáde lẹ́nu, kí ẹnì kankan má baà sọ pé òun ò mọ̀. Ó pe ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí fèrèsé ní Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ó kàn ọ́ o," á wí bẹ́ẹ̀, á sì dìde lọ jẹ́ Ọ̀gá.

Lẹ́yìn ìrun Àyìlà, tí oòrùn bá mú títì, tí àwọn ọlọ́kọ̀ bá ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ wọn, ìgbà yẹn ló máa ń ta á. Èmi ò ní sọ pé inú rẹ̀ ń dùn kó má di irọ́. Ṣùgbọ́n fún ìdajì wákàtí yẹn, ó máa ń fẹ́ mọ ohun tó kàn. Ẹni tí kò fẹ́ mọ ohunkóhun mọ́ láyé, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún un.

Oṣù Ọ̀wàrà ni, nígbà tí kòkó ti ń pọ́n lóko, tí ohùn ọkùnrin kan dún lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ o!"

Bẹ́ẹ̀ là ń kí àwọn tó bá ń ta ayò: a ń kí ọ̀ta tó mọ̀ ọ́n ta, a ń kí ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ọ̀ta ló sì ń jẹ́, ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn. Ọkùnrin náà yọjú, ó wò yíká, kò rí ju obìnrin kan ṣoṣo lọ.

"Ta ni yóò wá jẹ́ mi lóhùn nínú yín?" ló bi í.

"Èmi ni ọ̀ta, èmi náà ni ọ̀pẹ," ni Nurat wí, kò gbójú sókè. "Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Tapólì tí mo máa sá kòkó lé. Ṣùgbọ́n ẹ ta á tán ná."

Ó jókòó sórí okùn tí wọ́n ká jọ, ó ń wòran. Akínwọlé ni orúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ olóko kòkó láti Odigbo, ẹni ọdún méjìdínlógójì tí oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kò jẹ́ kó ráyè gbéyàwó. Kò sọ̀rọ̀ kankan títí ayò náà fi parí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òǹwòran ayò tí kò ní dá sí i, tí kò ní na ọwọ́, tí kò ní pòṣé, ó ṣọ̀wọ́n. Èmi ò tíì rí mẹ́ta láyé mi.

"Ta ló jẹ ayò?" ló béèrè nígbà tó tán.

"Ọ̀gá." Nurat nàka sí àpótí tó ṣófo.

Akínwọlé kọjú sí àpótí náà, ó tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ kú ìṣẹ́gun o, Ọ̀gá." Ó ra tapólì rẹ̀, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Nurat kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ó ṣàkíyèsí pé òun ṣì ń rántí bó ṣe tẹrí ba.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó padà wá ra okùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, tapólì. Kí ọdún tó parí, tapólì tí ọkùnrin yìí ti rà tó láti fi bo gbogbo kòkó tó wà láti Odigbo dé Araromi-Obu. Ọ̀sán ló máa ń wá nígbà gbogbo, yóò kí ọ̀ta, yóò kí ọ̀pẹ, yóò jókòó sórí okùn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, lọ́jọ́ tí ọyẹ́ mú gan-an, ó la ẹnu.

"Nurat, mo fẹ́ fẹ́ ọ."

"Ó dáa."

"Ó dáa pé kí ni?"

"Ó dáa pé o sọ ọ́." Nurat gbé ọmọ ayò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Akínwọlé, mi ò fẹ́ parọ́ fún ọ. Mi ò mọ̀ bóyá mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo máa ń wá a nínú ara mi, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Kì í ṣe ìwọ ló fà á. Ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀."

"Ṣé kí n má wá mọ́?"

Nurat rò ó bó ṣe máa ń ro ilé ayò, ó kà á lọ, ó kà á bọ̀. "Rárá. Máa bọ̀."

"Ìyẹn ti tó mi ná." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé mo lè jókòó sórí àpótí Ọ̀gá lọ́jọ́ kan?"

"Rárá," ni Nurat wí kíákíá. Lẹ́yìn náà ló fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Kò tíì yá."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé etí àwọn òbí nìyẹn. Alàájì Sàlíhù gbọ́, ó mirí. "Onígbàgbọ́, ọmọ Ìkálẹ̀. Ṣé kò sí ọmọ ìmọ̀le kan ní gbogbo gáréèjì yìí?" Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Odigbo, ìyá Akínwọlé bá ọmọ rẹ̀ yan odì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó rí i pé oúnjẹ ni ọmọ náà kò jẹ mọ́, ó ní ó dára, kí àwọn ṣe ìwádìí ná, nítorí a kì í fẹ́ ìyàwó bí ẹni he nǹkan lójú ọ̀nà. Bọ́látitó, àbúrò bàbá Akínwọlé lóbìnrin, ni wọ́n rán. Òun ni alárinà nínú ẹbí wọn. Ó ti so ìgbéyàwó mọ́kànlá pọ̀, ó sì ti tú mẹ́rin ká kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń fi méjèèjì yangàn.

Ohun tí Bọ́látitó rí lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn náà ni Nurat tó gbọ́ ọ. Ó wá bí oníbàárà, ó bá ilẹ̀kùn ìsọ̀ ní títì nítorí eruku ọyẹ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ń gbọ́ ohùn obìnrin nínú: "Ó kàn ọ́ o, Ọ̀gá, má fi mí dúró pẹ́. Háà! O tún ti jẹ mẹ́ta! Ṣé o ò ní ṣàánú mi ni?" Ọkàn Bọ́látitó fò. Obìnrin yìí ní ọkùnrin nínú yàrá lọ́sàn-án gangan! Ó na ọrùn wo ojú fèrèsé kó lè rí ojú ọkùnrin náà, kó lè ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa. Kò rí ọkùnrin. Àpótí tó ṣófo ló rí. Bó ṣe ń wò ó, obìnrin náà dìde, ó lọ jókòó sórí àpótí tó ṣófo yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dá ara rẹ̀ lóhùn.

Wọ́n ní Bọ́látitó kò dúró de ọ̀kadà kó tó kúrò ní Ore.

Lọ́jọ́ kejì ni Akínwọlé wá. Kò kí ọ̀ta, kò kí ọ̀pẹ. Ó dúró.

"Wọ́n ní o ní ọkọ ọ̀run," ló wí. Ó fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Àǹtí Bọ́látitó ní lálẹ́ ni wọ́n ń sọ pé òkú máa ń bá èèyàn ta ayò, pé tìrẹ, ọ̀sán gangan ni. Mo ṣàlàyé fún wọn títí. Ìyá mi ní àfi bó o bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà ọjọ́ méje, kó o sì fi ọwọ́ ara rẹ sun ọpọ́n yẹn níṣojú òun."

Nurat ń wo ọpọ́n náà. Ayò wà lórí rẹ̀, kò tíì parí.

"Kí lo sọ fún wọn?"

Akínwọlé wo ilẹ̀. "Nurat, jọ̀ọ́. Igi lásán ni. Jẹ́ kí á sun ún kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Bó bá ti di ọdún tó ń bọ̀, èmi fúnra mi máa gbẹ́ òmíràn fún ọ."

"Ó dáa."

"Ó dáa pé o máa sun ún, àbí ó dáa pé kí n máa lọ?"

"Èyí tó bá wù ọ́."

"Bínú sí mi!" Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. "Bú mi! Ju nǹkan lù mí! Èmi ni mò ń bá ìyá mi jà, èmi ni mò ń bá Àǹtí mi jà, ìwọ kò tiẹ̀ fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà nítorí mi. Ṣé 'ó dáa' nìkan lo ní nínú ni?"

Nurat wá ìbínú nínú ara rẹ̀. Ó wá a gan-an, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó wá a. Ibi tó yẹ kó wà ti kú tipẹ́tipẹ́.

"Ọjọ́ tó o bá rí ohun tó o fẹ́ sọ," ni Akínwọlé wí, "o mọ ọ̀nà Odigbo." Ó lọ.

Nurat jókòó. Ó ta ti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. "Ó kàn ọ́ o," ló wí, ó dìde, ó jókòó sórí àpótí kejì, ó na ọwọ́. Ọwọ́ náà dúró lókè ọpọ́n. Ó kà á, ó mọ ilé tó yẹ kó mú, kò sì lè mú un. Ó ní bóyá ó rẹ òun ni. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, ó fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ kó tún un tò látìbẹ̀rẹ̀, kò lè kó o. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì kọjá, ọpọ́n náà wà níbẹ̀, ọyẹ́ ń da eruku lé e.

Láàárín àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ ti dé gáréèjì pé ọmọ Alàájì ń bá òkú ta ayò. Alàájì Sàlíhù fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà! Wọ́n yọjú lójú fèrèsé, wọn ò wọlé, wọn ò béèrè, wọ́n ti dájọ́. Bí àwọn ará Odigbo yẹn bá wá tọrọ ọmọ mi lónìí, ẹ̀yìn ìsọ̀ ni wọ́n máa gbà padà!"

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, Nurat mú aṣọ, ó ń nu eruku kúrò lórí àwọn ọmọ ayò, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣọ́ra kí ọ̀kan má baà kúrò ní ilé rẹ̀. Ó nu ti ilé kẹrin, ó dá ọwọ́ dúró. Kí ló dé tí òun ń ṣọ́ra? Ta ni òun ń tọ́jú rẹ̀ dè? Fàwáz lọ, ọdún méjì lòun fi ta á fún un, ọwọ́ òun ò gbọ̀n lọ́jọ́ kan. Akínwọlé lọ, òun ò lè fi ọwọ́ ara òun ta ẹyọ kan fún un. Àpótí yẹn kì í ṣe ti Ọ̀gá mọ́. Kò mọ ọjọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá, bóyá ó ti pẹ́. Nǹkan kan gún un láyà, ó gún un gan-an, bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń padà sínú ẹsẹ̀ tó kú. Ó dìde lọ bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ lọ sí Odigbo."

"Ta ni yóò mú ọ lọ? Wọn ò tíì wá tọrọ rẹ, o fẹ́ gbé ara rẹ lọ fún wọn?"

"Mi ò gbé ara mi lọ, Bàbá. Ayò ni mo fẹ́ gbé lọ." Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Wọn ò tíì gbọ́ tẹnu mi."

Bàbá náà gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. "O fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi mú mi," ló wí nígbẹ̀yìn. "Máa lọ. Ṣùgbọ́n Nurat, ohun tí kò bá dáa níbẹ̀, o ò gbọdọ̀ sọ pé ó dáa."

Nurat ka iye ọmọ tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ó kọ́ ọ sórí bí ẹni kọ́ kéwú, kó tó dà wọ́n sínú àpò. Ó gbé ọpọ́n lé itan, ọ̀kadà gbé e dé Odigbo. Ohun tó kọ́kọ́ rí ní àgbàlá náà ni tapólì mẹ́fà láti ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀, kòkó kún orí wọn. Ìyá Akínwọlé àti Bọ́látitó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó náà. Bí Bọ́látitó ṣe rí ohun tó wà lọ́wọ́ àlejò, ó pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, ó sá sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi.

Nurat kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà."

"Ọma mi," ni ìyá náà wí, ohùn Ìkálẹ̀ rẹ̀ tutù bí omi àmù, "kí lo gbé wá sí ulé mi?"

"Ayò ni, mà. Wọ́n ní mò ń bá ẹnìkan ta á. Mo ní kí n wá fi ẹni náà hàn yín."

Ó gbé ọpọ́n sílẹ̀, ó wá àpótí méjì lábẹ́ igi òroǹbó, ó to àwọn ọmọ ayò ní mẹ́rin mẹ́rin, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ta, ó dìde, ó yí i ká, ó jókòó, ó ta. "Ó kàn ọ́ o." Ó tún dìde. Ojú ń tì í, ó mọ̀ ọ́n lára pé ojú ń tì í, ìyẹn gan-an tún yà á lẹ́nu. Ìyá náà káwọ́ gbera. Nígbà tó ṣe, ó sún mọ́ ọn. Nígbà tó tún ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Má mú ìyẹn!" ló ké lójijì. "Ṣé o ò rí i pé ilé kẹta ti ṣí sílẹ̀ ni?"

Bọ́látitó yọ orí lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù.

"Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n ta?"

Ìyá náà gbọn eèpo kòkó kúrò lára ìró rẹ̀. "Bàbá Akínwọlé ni mò ń bá ta á. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti kú." Ó wo ọpọ́n náà fún ìgbà díẹ̀. "Mo ṣì máa ń bá a sọ̀rọ̀ lóko, bí mo bá ń já kòkó. Bọ́látitó, o mọ̀. Ta ló torí rẹ̀ sọ pé mo ní ọkọ ọ̀run?"

Bọ́látitó kàn rántí pé omi ń bẹ tó yẹ kóun gbé kaná.

"Èyí kọ́ ni mo wá ta, mà," ni Nurat wí. "Ọ̀kan wà nílé tí kò tíì parí." Ó kó àwọn ọmọ ayò jọ, ó sì tún wọn tò láti orí: méjì síbí, méje sọ́hùn-ún, ẹyọ kan, òfo, títí ilé méjìlá fi pé. Ìyá náà ń wò ó títí ó fi tán.

"Ta ló kàn níbẹ̀?"

"Ọmọ yín ló kàn, mà," ni Nurat wí. "Ó ti kàn án láti ọjọ́ mọ́kàndínlógún."

Ìyá Akínwọlé wo ojú ọmọbìnrin náà. Ó wò ó pẹ́. Ó fa àpótí kejì mọ́ra, ó fi ìṣẹ́tí ìró nù ún, ó sì gbé e padà sí àyè rẹ̀.

Ọ̀kadà Akínwọlé dún láti ọ̀nà oko. Ó rí ẹ̀yìn àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sórí ọpọ́n, ẹnu rẹ̀ sì ti kí kí ojú rẹ̀ tó mọ ẹni tó jókòó. "Mo kọ́ta, mo kọ́—"

"Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ìwọ lọ̀pẹ. Ó ti kàn ọ́. Jókòó."

Ó jókòó. Ẹrẹ̀ oko ṣì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò wo ọpọ́n, Nurat ló ń wò. "Mo ṣẹ̀ ọ́," ló wí. "Kò yẹ kí n bẹ̀ ọ́ pé kó o sun ún. Ìyá mi ló yẹ kí n bẹ̀. Nurat, dárí jì mí."

Ó ń retí ọ̀rọ̀ kan, gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ náà. Nurat la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà sì wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún méje.

"Kò dáa," ló wí.

Akínwọlé gbójú sókè.

"Kò dáa rárá. Ó dùn mí. O ní kí n sun ún, o sì lọ, o ò padà wá, ó sì dùn mí. Ó ń dùn mí báyìí." Omi bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni rí ohun tó ti sọnù. Akínwọlé náà ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn wọn yóò rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

"Mi ò ní máa jókòó sórí àpótí Ọ̀gá lójoojúmọ́," ni Akínwọlé wí. "Ọjọ́ tó o bá fẹ́ dá ta á, orí okùn ni mo máa jókòó sí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́."

"Ọ̀rọ̀ mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń bẹ níwájú," ni ìyá rẹ̀ wí. "Alàájì yóò bá mi jà, èmi náà yóò bá a jà, a ó jà á tán. Ta ayò, ilẹ̀ ń ṣú lọ."

Akínwọlé wo ọpọ́n. Ó fi ìka ka àwọn ọmọ ayò bí ẹni tí kò kà á rí, ó sì lọ mú ilé tí kò yẹ kó mú. Ìyá rẹ̀ pòṣé. Nurat ta tirẹ̀, ó jẹ mẹ́ta, ó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ó kàn ọ́ o," ló wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń mira láti dìde kí ó tó rántí pé ẹnìkan wà lórí àpótí kejì. Ó padà fìdí balẹ̀, ó ń dúró dè é.